Kí Ọmọ Rẹ Tó Tọwọ́ Bọ Ìwé Àdéhùn Ní Kóòtù

Ọ̀rọ̀ kóòtù ni mo gbé wá lálẹ́ òní. Ẹ̀yin òbí ní Àkókó níhìn-ín tí ẹ ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Àkùngbá tàbí níbòmíràn, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ ní Ìkàrẹ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, rán ọba ilẹ̀ Yorùbá kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 56. Ọba Joseph Oloyede ni, tó jẹ́ Apetu ti Ìpetumodù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà yẹn. Ẹ̀sùn tó wà nídìí ẹ̀ ni pé wọ́n fi irọ́ gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń pín fáwọn oníṣòwò nígbà àrùn Kòrónà. Adájọ́ tún ní kí wọ́n dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 4.4 dọ́là padà. Gbogbo wa la gbọ́ ìròyìn náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò fiyè sí ni pé wọn ò pe ẹlẹ́rìí kan tẹ̀ lé òmíràn níwájú adájọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún yẹn ni kábíyèsí ti fẹnu ara wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ramon Abbas, tí ayé mọ̀ sí Hushpuppi, ṣe gbà ní ọdún 2021, kí wọ́n tó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3 ní ìparí ọdún 2022. Abidemi Rufai, tí wọ́n mú ní pápákọ̀ òfurufú New York nígbà tó ń bá gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn ṣiṣẹ́, gbà ní tiẹ̀, wọ́n fún un ní ọdún 5. Bó ṣe ń rí níbẹ̀ nìyẹn. Nínú èèyàn 100 tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń dá lẹ́bi, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló gbà. Olùpẹjọ́ á yọ ẹ̀sùn díẹ̀ kúrò, olùjẹ́jọ́ á gba ìyókù, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nínú ìwé yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn kan á wà níbẹ̀ tó sọ pé olùjẹ́jọ́ ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ tó ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Gbólóhùn yẹn ni mo torí ẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí, nítorí irú ẹ̀ ti wà nínú òfin tiwa náà, àwa ò sì sọ ọ́ síta tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn máa ń dà wọ́n pọ̀. Kéèyàn gbà pé òun jẹ̀bi láìbá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, ọ̀tọ̀ ni. Kéèyàn bá ìjọba ṣe àdéhùn kó tó gbà, ọ̀tọ̀ ni.

Ti àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ ní kóòtù Májísíréètì lágbègbè wa. Ká sọ pé wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá láti Ògbàgì, wọ́n ní ó jí ọ̀kadà. Akọ̀wé kóòtù á dìde, á ka ẹ̀sùn náà lédè Òyìnbó, wọ́n á wá sọ ọ́ fún un ní Yorùbá: ìwọ lágbájá, ní ọjọ́ báyìí, ní Ògbàgì-Àkókó, o jí ọ̀kadà tó jẹ́ ti tàmẹ̀dò. Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi? Ọmọ náà ti sun àhámọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹnì kan ti sọ fún un létí pé tó bá gbà, adájọ́ á ṣàánú ẹ̀, wọ́n á bu owó ìtanràn fún un, á sì bá bàbá ẹ̀ padà sílé nírọ̀lẹ́. Ló bá ní, "Mo jẹ̀bi, sà."

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí síbẹ̀ lójú òfin o. Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Adájọ́ á wá bi ọmọ náà bóyá ohun tó gbà nìyẹn. Tí ọmọ náà bá wá dáhùn pé, "Ẹni tó ni ọ̀kadà ló gbé e fún mi pé kí n máa fi ṣiṣẹ́, owó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò rí san ló fi lọ pe ọlọ́pàá," ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ? Kò gbà pé òun jalè rárá. Ẹnu ẹ̀ ló sọ pé òun jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, kí ìgbẹ́jọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀sùn tó la ikú lọ ni, bí ìpànìyàn, bí olùjẹ́jọ́ tiẹ̀ pariwo nígbà mẹ́wàá pé òun jẹ̀bi, pé kò jẹ̀bi ni kóòtù gbọ́dọ̀ kọ, kí olùpẹjọ́ lọ wá ẹ̀rí wá.

Ẹni tó gbà báyìí, láìsí àdéhùn kankan, kò tíì sọ ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ nù. Ó lè lọ sókè lọ sọ pé ìyà náà ti pọ̀ jù, tàbí pé òun ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi bi òun léèrè, tàbí pé ohun tóun ṣe kò tó ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá òun lẹ́bi lé lórí. Láti kóòtù Májísíréètì, ó ń lọ sí kóòtù gíga. Láti kóòtù gíga, ó ń lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ 90 ni òfin fún un láti gbé ẹjọ́ ọ̀daràn dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí.

Ní ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún, ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀. ACJA làwọn lọ́yà ń pè é. Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Apá 270 nínú òfin ti ìjọba àpapọ̀ ló gba olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ láyè láti jọ dúnàádúrà. Ọmọ tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì, bá mú lórí ọ̀rọ̀ yàhúù, tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀, abẹ́ òfin yìí ló wà. Bó sì ṣe sábà máa ń lọ nìyí: ọmọ náà á gba ẹ̀sùn kan, wọ́n á fún un ní ẹ̀wọ̀n ìwọ̀nba oṣù tàbí owó ìtanràn, fóònù, kọ̀ǹpútà àti mọ́tò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ á di ti ìjọba, ẹni tó lù ní jìbìtì á rí nǹkan gbà padà bí ọ̀nà bá wà. Gbogbo ilé á mí kanlẹ̀. Ó ti parí nìyẹn.

Ó parí lóòótọ́, torí òfin náà sọ ọ́ kedere. Ìdájọ́ tí kóòtù bá gbé kalẹ̀ lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ àṣekágbá. Kò sí ẹni tó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé e lórí ní kóòtù kankan, àfi tí wọ́n bá ní èrú wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wo ìwé àdéhùn náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Òfin ní kó wà ní kíkọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí àdéhùn tó parí, wọ́n ti sọ fún olùjẹ́jọ́ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti panu mọ́. Pé wọ́n ti sọ ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ fún un tí kò bá panu mọ́. Pé kò sí dandan fún un láti jẹ́wọ́ ohunkóhun. Gbogbo ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, olùpẹjọ́ á tọwọ́ bọ̀ ọ́, olùjẹ́jọ́ á tọwọ́ bọ̀ ọ́, lọ́yà ẹ̀ á tọwọ́ bọ̀ ọ́, ògbufọ̀ náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ tí ó bá jẹ́ pé wọ́n lo ògbufọ̀.

Ẹ ka gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò sí ibi tí òfin ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé: ìwọ tó o fẹ́ tọwọ́ bọ èyí, a ti sọ fún ọ pé o ò ní lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́. Òfin rántí dídákẹ́, ó gbàgbé ẹ̀tọ́ ńlá tó kù. Ọmọ ọdún 19 lè tọwọ́ bọ ìwé yìí, kó padà sílé, kó tó mọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé ibi tóun fẹ́ gbà sá àsálà ti di ògiri. Ó dà bí ẹni tó tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀ tó rò pé ńṣe lòun fi dógò, tó wá gbọ́ pé òun ti tà á.

Lójú mi, àìdáa gbáà ni. Mi ò sọ pé kí àdéhùn má sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀tọ́ tí wọn ò dárúkọ fún èèyàn, kò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀. Wọ́n kàn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni.

Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó jẹ́ pé àdéhùn ni wọ́n fi ń gbé kóòtù wọn ró, ti rí ewu yìí tipẹ́. Láti ọdún 1999 ni ìlànà kóòtù ìjọba àpapọ̀ wọn ti pa á láṣẹ pé kí adájọ́ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùjẹ́jọ́, ó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ní gbangba kóòtù, kó sì rí i dájú pé ó yé e bí àdéhùn náà bá gba ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ojúkojú ni. Nígbà tó sì di ọdún 2019, ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gilberto Garza, ará ìpínlẹ̀ Idaho, dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn. Ó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní pẹjọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́, ó ní kí lọ́yà òun bá òun pẹjọ́, lọ́yà kọ̀, ó ní ṣebí o ti tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù ní lọ́yà náà ṣe ohun tí kò yẹ. Wọ́n ní bó ti wù kí ìwé náà le tó, àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí kò lè dí lọ́nà, bí ọ̀rọ̀ pé àdéhùn náà ò tinú èèyàn wá. Iṣẹ́ lọ́yà ni kó gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ tí oníbàárà ẹ̀ bá ní kó gbé e lọ.

Ní tiwa, èrú nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Ẹ wá ro àwọn nǹkan tí kì í ṣe èrú, tó sì lè ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́. Lọ́yà tí kò ka ìwé ẹ̀sùn dáadáa kì í ṣe ẹlẹ́rú. Ìbẹ̀rù àhámọ́ kì í ṣe èrú. Ẹni tó ti pẹ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùúta lọ́hùn-ún ní Àkúrẹ́, tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ tí kò bẹ̀rẹ̀, lè gba ohunkóhun kó ṣáà lè jáde. Iye àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa láì tíì gba ìdájọ́ sì ju ìdajì lọ jákèjádò Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ èdè tún ńkọ́? Èyí kan àwa ará Àkókó ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Ní Ògbàgì, Yorùbá ni wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka èdè wa yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọjá sí Àrìgìdì tàbí kẹ́ ẹ dé Òkèàgbè, èdè tí wọ́n ń sọ nílé níbẹ̀, ẹni tó wá láti Àkúrẹ́ ò lè gbọ́ ọ. Àgbàlagbà tó dàgbà sínú èdè yẹn lè gbọ́ Yorùbá ọjà, kó má gbọ́ Yorùbá kóòtù. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní apá 36, sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ rí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Tí ògbufọ̀ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ síbi tí kò yẹ, àṣìṣe ni, kì í ṣe èrú. Ibo ni ẹni náà máa wá gbé e gbà?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbọ́ mi tí inú wọn ń ru. Ìyá tó ti pàdánù owó àjẹṣẹ́kù ẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ yàhúù á ní, "Kí ló kàn mí nínú ẹ̀tọ́ olè?" Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Òfin kan náà ní kí olùpẹjọ́ gbọ́ tẹnu yín kí wọ́n tó fẹnu kò. Mo sì gbà pẹ̀lú yín pé ẹjọ́ tó ń lọ láti kóòtù dé kóòtù fún ọdún mẹ́wàá kò ṣe yín lóore. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin yìí nìyẹn, ó sì nítumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí nǹkan kan. Ọ̀nà ìpẹ̀jọ́ tí a bá dí, ó dí mọ́ ìjọba náà lọ́wọ́.

Kí òfin 2015 tó dé, a ti rí bí ìdúnàádúrà ṣe ń lọ láàárín àwọn ńláńlá. Ní ọdún 2005, Tafa Balogun, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, gbà pé òun jẹ̀bi, oṣù 6 ni wọ́n fún un. Ní ọdún 2010, Cecilia Ibru ti báǹkì Oceanic gbà, oṣù 6 náà ni, pẹ̀lú dúkìá tó tó bílíọ̀nù 191 náírà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dún 2011, Dahiru Musdapher tó jẹ́ adájọ́ àgbà Nàìjíríà fúnra ẹ̀ ta ko irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Èyí tó dun aráàlú jù ni ti oṣù kìíní ọdún 2013. John Yakubu Yusuf, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, gbà pé òun lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá lọ, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà. Adájọ́ ní kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2 tàbí kó san 250,000 náírà lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀sùn mẹ́ta. 750,000 náírà! Ó san án, ó bá tiẹ̀ lọ. Àwọn kọ́ńsítébù tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń tò sórí ìlà nínú oòrùn kí wọ́n tó rí ẹgbẹ̀rún mélòó kan gbà, ń wò ó. EFCC ò gbà. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ilé ẹjọ́ yẹn sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 6 pẹ̀lú owó tó lé ní bílíọ̀nù 22 náírà. Ọ̀nà ìpẹ̀jọ́ tó ṣí sílẹ̀ ló gbèjà àwọn bàbá yẹn. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ àdéhùn àṣekágbá bí ti òní ni, kí ni EFCC ì bá gbé lọ sókè?

Àríyànjiyàn kan tún wà láàárín àwọn amòfin tí mo fara mọ́ ìhà kan nínú ẹ̀. Apá 241 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ló fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìdájọ́ kóòtù gíga lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Apá yẹn kan náà mọ̀ pé ìdájọ́ kan wà tó jẹ́ pé tọ̀túntòsì ló fọwọ́ sí i. Kí ló wí nípa irú ẹ̀? Ó ní kí ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù. Kò ní kó má pẹjọ́ rárá. Ìwé òfin ilẹ̀ sì ni olórí gbogbo òfin. Èyí tó bá ta kò ó, ibi tó ti ta kò ó kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi rò pé apá 270 ti lọ jìnnà ju ibi tí ìwé òfin ilẹ̀ gbà á láyè dé lọ, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin ní Àbújá tún un ṣe: kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìpẹ̀jọ́ mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún olùjẹ́jọ́ lédè tó gbọ́, kí wọ́n sì yọ àìgbédè, ìfipámúni àti àìkáràmáásìkí lọ́yà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe yọ èrú sílẹ̀. Kí àwọn aṣòfin wa ní Àkúrẹ́ náà yẹ òfin ìpínlẹ̀ wò.

Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ló kù sí. Wọn kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ má jẹ́ kí IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá àti lọ́yà parí ọ̀rọ̀ ní báréńdà kóòtù, kí wọ́n wá kàn pe ọmọ pé kó wá tọwọ́ bọ̀wé. Ọmọ náà ló máa gbé orúkọ ọ̀daràn kiri. Ẹ ní kí lọ́yà ka ìwé náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lédè tó fi ń lálàá. Kí ọmọ náà bi lọ́yà pé: lẹ́yìn èyí, ṣé mo ṣì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn? Kí lọ́yà dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Tó bá ní "bẹ́ẹ̀ kọ́", kó bi í pé kí lòun wá rí gbà dípò ẹ̀. Tí ohun tí wọ́n fún un bá tó nǹkan, kó gbà á tọkàntọkàn. Tí kò bá tó, kò sí ẹni tó lè fi túláàsì mú un.

Ẹni tí kò lágbára láti gba lọ́yà, ìjọba ní àjọ kan tó ń jẹ́ Legal Aid Council, wọ́n wà ní Àkúrẹ́. Òfin wọn ti ọdún 2011 fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ, tó jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa bọ́ sínú ẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá wá dé iwájú adájọ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn, adájọ́ gbọ́dọ̀ bi í bóyá ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, àti bóyá ó tinú ẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni kó ti sọ̀rọ̀ tí nǹkan kan ò bá yé e. Kó sọ ọ́ sókè, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Tí adájọ́ bá sì sọ pé ìyà tóun fẹ́ fi jẹ ẹ́ yóò wúwo ju èyí tí wọ́n fẹnu kò sí lọ, ó ṣì lè yọ ara ẹ̀ kúrò nínú àdéhùn náà. Ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níwájú adájọ́ mìíràn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ kankan tó sọ nígbà ìdúnàádúrà ta kò ó.